Wọ́n Ń Wá Mi Lábẹ́ Páànù

Ẹ yin Olúwa! Ẹ̀yin ará, ẹ ní sùúrù fún mi. Ọlọ́run tó dá mi sí, tí n kò tilẹ̀ bẹ̀ Ẹ́, mo wá dúpẹ́.

Ilé-iṣẹ́ oníke kan n'Íkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Láti ìgbà tí ọkọ mi, bàbá Dàmilọ́lá, ti kú, mò ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì o, àmọ́ ẹnu lásán ni mo ń là, mi ò lè gbàdúrà mọ́. Ayé ti sú mi. Mo máa ń sọ pé bí mo bá pòórá lónìí, kò sẹ́ni tó máa béèrè mi.

Lọ́jọ́ Túsìdeè tó kọjá, mi ò lè dìde lórí ibùsùn. Ara mi yá o, ọkàn mi ló rẹ̀. Mo pe ọ̀rẹ́ mi níbi iṣẹ́, Ìyá Ruka, lórí fóònù pé kó bá mi tẹ káàdì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ kọ́ńpìnnì, ẹ mọ̀ ọ́n: wọ́n á fi káàdì ẹni sẹ́nu aago ní géètì, á dà bíi pé èèyàn ti dé. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn, ẹ̀yin náà ń ṣe é!

Nígbà tó di aago méjì ọ̀sán, ara mi ò balẹ̀ mọ́, mo bá lọ. Jésù! Òrùlé ibi tí mo máa ń jókòó sí ti wó! Gbogbo èèyàn ti sá jáde, wọ́n ti fi káàdì ka ara wọn, ó ku ẹnì kan. Èmi! Wọ́n sì ti rán Ìyá Ruka lọ kó ọjà fún oníbàárà l'Ágége láti àárọ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ òótọ́.

Ará, Alhaji ọ̀gá wa, tí kì í dáhùn bí mo bá kí wọn, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń gbé páànù. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ń ké, "Fọláṣadé o! Fọláṣadé, dá mi lóhùn!" Mi ò mọ̀ pé wọ́n mọ orúkọ mi! Àwọn obìnrin tá a jọ ń ṣiṣẹ́ wà lórí eékún, àwọn kan ń ké pe Jésù, àwọn kan ń ké pe Ọlọ́hun. Nítorí tèmi!

Mo sún mọ́ wọn. Mo ní, "Alhaji, èmi rèé."

Alhaji wò mí bí ẹni tó rí òkú. Wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n bú sẹ́kún. "Alhamdulilahi! Ta ló wá tẹ káàdì ẹ?"

Mo jẹ́wọ́, mo ní èmi ni mo bẹ ẹni tó tẹ̀ ẹ́.

Wọ́n nu ojú wọn. "Ọ̀la ni màá bínú. Jókòó ná, mu omi."

Ẹnikẹ́ni ò kú! Mi ò sọ pé irọ́ dára o. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu títí dòní ni pé, bí mo ṣe dùbúlẹ̀ nílé tí mò ń sọ pé mi ò lẹ́nì kankan, wọ́n ń fọwọ́ gbé páànù nítorí mi. Àdúrà ti padà sẹ́nu mi. Mo ti mọ orúkọ gbogbo obìnrin tá a jọ ń ṣiṣẹ́, àràárọ̀ ni mo ń dárúkọ wọn níwájú Ọlọ́run.

Gbogbo ògo, tìẹ ni, Bàbá! Ẹ bá mi jó, ẹ bá mi yọ̀! Bí ẹnikẹ́ni bá sì jókòó síbí tó ń rò pé kò sẹ́ni tó ń wá òun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ orúkọ yín fún mi.