Ṣé Kí N Fọ Òórùn Ẹja Kúrò Lára Ọkọ̀ Olóògbé?

Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí o. Omi wà nínú garawa, ọṣẹ wà lọ́wọ́ mi, ọkọ̀ akẹ́rù tí olóògbé ọkọ mi fi sílẹ̀ ló wà níwájú mi yìí, òórùn ẹja gba gbogbo ara rẹ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti dúró tì í, mi ò tíì lè da omi sí i.

Bísíkíìtì ni ọkọ̀ yìí máa ń kó láti ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkòròdú níbí lọ fún àwọn onísọ́ọ̀bù ní Ẹ̀pẹ́. Tó bá já a tán, òfìfo ló ń bọ̀. Àlọ nìkan ni wọ́n ń sanwó fún, bẹ́ẹ̀ epo ò mọ̀ pé òfìfo là ń gbé bọ̀! Nígbà tí ọkọ mi kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Ìyàwó, tà á kó o sinmi." Inú bí mi. Kí ni mo wá fẹ́ fi han àwọn ọmọ pé bàbá wọn fi sílẹ̀?

Èmi fúnra mi bá dẹ́rẹ́bà tí mo gbà láti máa wà á lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ wá ẹrù àbọ̀, ẹrù tí ọkọ̀ á rí gbé wálé dípò òfìfo. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Ìyá Múrí, tó ń sunkún lórí agbọ̀n ẹja tútù tí kò rọ́kọ̀ gbé e. La bá kó gbogbo ẹ̀! Inú mi dùn, àfi bí ẹni pé mo jẹ tẹ́tẹ́.

Háà! Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá tó ń kó ẹrù nílé-iṣẹ́ bísíkíìtì sún mọ́ ọkọ̀, ló bá fọwọ́ dí imú. "Madam, ta ló fẹ́ jẹ bísíkíìtì tó ń rùn bí ẹja?" Bí iṣẹ́ ṣe bọ́ nìyẹn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu géètì wọn, mo sunkún bí ọmọdé. Kò pẹ́ ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń mú àwọn tó fẹ́ ra ọkọ̀ wá wò ó.

Ìyá Múrí ló pè mí lórí fóònù. "Ìyá Bọ̀dé, ẹ má tà á o! Ooru ń ba ẹja wa jẹ́ níbí. Ṣé kò sí yìnyín ní Ìkòròdú ni?" Yìnyín kẹ̀! Mo fò sókè. Kí ló kan yìnyín pẹ̀lú òórùn ẹja, ṣebí ẹja náà ló ń lọ bá! Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: a ó kó yìnyín lọ lábẹ́ tapólì, a ó kó ẹja bọ̀. Ọkọ̀ wa ò rin òfìfo mọ́.

Àfi bí ilé-iṣẹ́ bísíkíìtì yẹn ṣe tún ránṣẹ́ wá pé tí mo bá lè fọ̀ ọ́ mọ́, kí n máa bọ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní kí n tètè fọ̀ ọ́, pé iṣẹ́ tiwọn dájú, pé yìnyín a máa yọ́. Òótọ́ ni. Àmọ́ nírọ̀lẹ́, kí ọkọ̀ yìí tó yọ ní kọ̀nà, òórùn ẹja á ti ṣáájú rẹ̀ dé, àwọn ọmọ mi á sì sáré jáde bí wọ́n ṣe máa ń sáré pàdé bàbá wọn. Ká ní ẹ̀yin lẹ wà nípò mi, ṣé ẹ máa fọ̀ ọ́?