Ọ̀rá Tí Mo Fi Sínú Oúnjẹ Ẹ̀gbọ́n Sui

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kan oúnjẹ yín. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú títí ó fi fẹ́ pa mí, ó sì di dandan kí n sọ ọ́ lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń jẹun ní ṣọ́ọ̀bù mi láti ọjọ́ pípẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́, nítorí mo tan ẹ̀yin náà jẹ.

Jiáósí tí mò ń fi ìyẹ̀fun àlìkámà di ewé àlùbọ́sà òun ẹyin sínú rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń yìn, tí mo ní kò lẹ́ran, irọ́ ni mo pa. Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀. Lao Tong ọkọ mi ló dá a lábàá nígbà tí àwọn oníbàárà ń ráhùn pé ó gbẹ lẹ́nu. Ó ní ṣíbí kan péré, ta ni ọ̀rá pa rí? Ṣùgbọ́n ẹ má wo Lao Tong. Èmi ni mò ń pò ó, èmi ni mo sì mọ ẹni tí kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́.

Ẹ ò tíì gbàgbé Ẹ̀gbọ́n Sui tó ń gbé lókè ṣọ́ọ̀bù yìí. Nígbà tí kíndìnrín Kebin, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, bàjẹ́, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Búdà, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní fi ẹran kan ẹnu mọ́, kí ọmọ òun ṣáà yè. Ọ̀dọ̀ mi ló wá ń jẹun ọ̀sán. Ó bi mí lójúkojú pé, “Shuqin àbúrò mi, ṣé kò sí ẹran níbẹ̀? O mọ ohun tó wà lọ́rùn mi o.” Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ó bẹ̀ mí kí n má se tirẹ̀ nínú ìkòkò ẹlẹ́ran, mo bá ra ìkòkò tuntun nítorí rẹ̀. Ẹ wo ìkà ènìyàn: ìkòkò mọ́, omi mọ́, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ sì wà nínú jiáósí. Tó bá jẹun tán, á mu omi tí a fi sè é bí gbogbo wa ti ń ṣe, á sì máa dúpẹ́ pé mò ń bá òun ṣọ́ ẹ̀jẹ́ òun. Mo rò ó pé kí n máa ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀, àmọ́ bí adùn rẹ̀ bá yí padà, á béèrè ìdí. Mo bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀.

Kebin kú nígbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, Ẹ̀gbọ́n Sui wọlé, ó ní kí n gbé jiáósí ẹlẹ́dẹ̀ wá. Ó ní, “Èmi mú ìlérí mi ṣẹ, Búdà ló dà mí. Kí ni mo tún ń ṣọ́ ẹnu fún?” Mo gbé e fún un. Ó jẹ ẹyọ kan, ó dáwọ́ dúró. Ó jẹ ìkejì díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wá egungun ẹja. Ó wá gbójú sókè.

“Shuqin, mo mọ adùn yìí. Òun ni mo ti ń jẹ lọ́wọ́ rẹ.”

Ó yẹ kí n kúnlẹ̀ jẹ́wọ́ nígbà náà. Rárá o. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀fọ̀ ló ba ẹnu yín jẹ́.” Irọ́ yẹn burú ju ọ̀rá lọ. Obìnrin tí mo dà yìí bú sẹ́kún, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi pé òun fura sí mi. Ó kó lọ bá àbúrò rẹ̀ ní ìlú Dalian. Wọ́n ní kò tan tùràrí mọ́, kò sì gbàdúrà mọ́.

Lóṣù tó kọjá, dókítà rí nǹkan burúkú nínú ẹ̀dọ̀fóró Lao Tong. Mo lọ síwájú Búdà kí n jẹ́jẹ̀ẹ́ nítorí rẹ̀. Irú ẹ̀jẹ́ wo ni èmi fẹ́ jẹ́? Mo padà wálé, mo da gbogbo ọ̀rá náà nù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá dalẹ̀ á bálẹ̀ lọ. Dókítà tó tọ́jú Kebin ní kò sí ohun tó lè gbà á là, ṣùgbọ́n ìyẹn kò wẹ̀ mí mọ́. Lọ́la mò ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Dalian. Ẹ má bá mi bẹ̀ ẹ́. Kó lé mi, kó gbá mi létí, ó tọ́ sí mi. Mo kàn fẹ́ kó mọ̀ pé lóòótọ́ ni ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé dà á, àmọ́ kì í ṣe Búdà.