Òkúta Tí Mo Ní Ó Ti Jinná

Alága wa, Alàgbà Ṣọlágbadé, mo kí yín. Madam wa, Alhaja Hameedat, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ilé ẹja yìí, mo kí yín, mà. Ẹ̀yin oníbàárà, ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì mi láti Òkókómáíkò, ẹ kú ìjókòó. Ìyàwó mi, Mosúnmọ́lá, mo rí ẹ o. Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi Àkànní tó ń fẹ̀yìn tì lónìí fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀, ẹ jẹ́ kí oúnjẹ ṣì ní sùúrù.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi wẹ òkúta nílùú Ìbà yìí. Ẹni tí ò mọ̀ wá lè rẹ́rìn-ín. Inú òkun ni òkúta náà ti ń wá, àwọn nǹkan kéékèèké ẹlẹ́mìí ń gbé inú ihò rẹ̀, àwọn ló sì ń jẹ́ kí omi mọ́ nínú àpótí onígíláàsì tí wọ́n ń sin ẹja òkun sí. Inú páálí ló máa ń bá wa, pẹ̀lú ìwé ìròyìn tútù lára. Àmọ́ kó tó dé, púpọ̀ nínú nǹkan ara rẹ̀ á ti kú, á máa rùn. A ó kó o sínú ọpọ́n omi iyọ̀, a ó bò ó, ẹ̀rọ tí a rà l'Álàbá á máa da omi yípo, a ó fi búrọ́ọ̀ṣì ha òkú kúrò, a ó máa pààrọ̀ omi fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, mẹ́fà, títí yóò fi ku òórùn òkun nìkan. Ìgbà yẹn la máa ń ní ó ti jinná. Tí ẹ bá gbé èyí tí ò tíì jinná fún ẹja, oró inú rẹ̀ á pa wọ́n.

Ta ló ń sọ pé ó ti jinná? Èmi ni. Madam ra oògùn tí wọ́n ń kán sínú omi láti fi mọ̀, mo ní kí wọ́n gbé e pamọ́, pé imú mi tó. Tí mo bá ti tẹ̀ sórí ọpọ́n, tí mo fa imú lẹ́ẹ̀mejì, tí mo mi orí, Dayọ̀, ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Mi ò ní parọ́, ó máa ń wú mi lórí.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ibà àti ọ̀fìnkìn dá mi dùbúlẹ̀. Ọjọ́ Àìkú tí mo padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sun tùràrí, èéfín ń ta mí lójú, mi ò gbọ́ òórùn kankan. Mo délé, mo ṣí ìkòkò ọbẹ̀, bíi pé omi lásán ló wà níbẹ̀. Mo fi í pamọ́ fún gbogbo yín. Kí ni mo fẹ́ wí? Ṣé pé imú tí wọ́n torí ẹ̀ gbà mí síṣẹ́ ti lọ?

Bẹ́ẹ̀ ni mo tẹ̀ sórí ọpọ́n, mo fa imú, mo mi orí. Ẹja mọ́kànlá ló kú ní òtẹ́ẹ̀lì tí a gbé òkúta yẹn lọ. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ pé Dayọ̀ ló jẹ́ kí oòrùn pa nǹkan ẹlẹ́mìí inú òkúta náà lójú ọ̀nà Badagry. Dayọ̀ ní, "Bàbá, àpò tútù ni mo fi bò ó o." Ta ló máa gbà á gbọ́ níwájú mi? Wọ́n yọ ọ́ nídìí òkúta, wọ́n ní kó máa fọ gíláàsì. Láti ìgbà náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni mo ń fi òkúta sínú omi nítorí ìbẹ̀rù, ẹ̀ ń yìn mí pé mo ní sùúrù. Dayọ̀ sì ń dọ̀bálẹ̀ kí mi láràárọ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ń dùn mí ju èébú lọ.

Dayọ̀, ìwọ tó o dúró níbi dírọ́ọ̀mù yẹn, o ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni. Mo purọ́ mọ́ ẹ níwájú èèyàn, níwájú èèyàn náà ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́. Madam, ẹ forí jì mí. Mosúnmọ́lá, o ti ń bi mí ìdí tí mi ò fi yin ọbẹ̀ ẹ mọ́. Ìdí ẹ̀ nìyẹn. Háà, ara mi fúyẹ́.

Ó ku ẹyọ kan. Ọpọ́n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí, òkúta tí mo wẹ̀ kẹ́yìn ló wà níbẹ̀, Alága wa ló fẹ́ gbé e lọ fún ẹja wọn lónìí. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ló lò, torí òní ni mò ń lọ. Láàárọ̀ yìí, mo tún mi orí fún Madam. Dayọ̀, máa bọ̀. Tẹ̀ sórí ẹ̀, fa imú dáadáa. Má wo ojú mi, má wo ojú Madam. Ṣé ó ti jinná?

Sọ ọ́ sókè, kí àwọn tó wà lẹ́yìn gbọ́.

Ẹ gbọ́ ohun tó wí. Ó ní kò tíì jinná, ó ku ọ̀sẹ̀ kan. Madam, ẹ bá mi kán oògùn yín sí i. Ẹ wò ó, ó ti di àwọ̀ ewé, yẹ́lò ló sì yẹ kó jẹ́ tó bá ti jinná. Alága, ẹ má bínú, ẹ ò ní gbé òkúta kankan lọ lónìí, ẹja yín á sì wà láàyè. Madam, ṣé kí Dayọ̀ padà sídìí òkúta? Wọ́n mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo dúpẹ́.

Kí Ọlọ́run bá wa tọ́jú iṣẹ́ yìí. Kí ẹni tó ń gbé ẹrù ẹlòmíì má gbé e dalẹ́. Kí olúkúlùkù wa délé láyọ̀. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ gbọ́ tèmi, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ ò lé mi. Dayọ̀, bo ọpọ́n yẹn padà.