Fọ́tò Mi Lára Ìgò Oògùn

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi kí ẹ tó kà á dé ìsàlẹ̀. Ọdún keje rèé tí ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun. Mi ò lè sọ ọ́ fún ìyàwó mi, mi ò lè sọ ọ́ fún lémọ́ọ̀mù wa. Ohun tó jẹ́ kí n kọ ọ́ báyìí ni pé obìnrin tí mo ṣẹ̀ ń bọ̀ nílé mi lọ́jọ́ Àìkú, mi ò sì mọ ojú tí màá fi wò ó.

Apòògùn ni mí. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, ṣùgbọ́n Ìkòròdú ni mo ṣí ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísítì mi sí, lọ́nà Èbúté. Dókítà ni àwọn aládùúgbò ń pè mí, mi ò sì tún un ṣe fún wọn rí. Ẹni tó bá wá ra oògùn orí fífọ́, màá béèrè ọmọ rẹ̀, màá béèrè ìyá rẹ̀. Ibẹ̀ ni òṣèlú ti bá mi. Ìgbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọ́n ní kí n wá díje láti ṣojú àwọn ènìyàn mi ní Ẹ̀pẹ́ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin.

Ẹ mọ bí a ti ń ṣe é. Ẹni tó bá ń pín búrẹ́dì, ojú rẹ̀ á wà lára ọ̀rá búrẹ́dì. Ẹni tó bá ń pín ìwé fáwọn ọmọléèwé, ojú rẹ̀ á wà lẹ́yìn ìwé. Èmi ní oògùn ni màá fi ṣe tèmi. Mo ra oògùn ibà àti oògùn ikọ́ olómi fáwọn ọmọdé, mo sì ní kí wọ́n lẹ fọ́tò mi mọ́ ìgò kọ̀ọ̀kan. Fọ́tò náà tóbi. Ó bo orúkọ oògùn, ó bo bí wọ́n ṣe ń lò ó. Mo rí i, mo sì ní ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín tí mo rín nínú fọ́tò yẹn ló wù mí.

Nọ́ọ̀sì ìjọba ìbílẹ̀ kan bá wa wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí abúlé àwọn apẹja. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní Sàlámọ̀tù, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Òun ló sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, fọ́tò yín ti bo lébẹ̀lì. Báwo la ṣe fẹ́ mọ ti ibà yàtọ̀ sí ti ikọ́?" Mò ń bá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù nígbà náà. Mo dá a lóhùn láìwo ìgò pé onídèérí funfun ni ti ikọ́, onídèérí pupa ni ti ibà. Òdì rẹ̀ gan-an ni.

Ọmọ ọdún méjì kan ń wúkọ́. Onídèérí funfun ni wọ́n fún ìyá rẹ̀, ṣíbí méjì, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, ìwọ̀n tó yẹ oògùn ikọ́ ṣùgbọ́n tí oògùn ibà fi lè pa ọmọdé. Ọmọ ń tu ú dànù torí ó korò. Ṣebí gbogbo wa la máa ń sọ pé oògùn tó korò ló ń ṣiṣẹ́. Ìyá di imú ọmọ, ó rọ ọ́ sí i lẹ́nu. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò ṣú tí ọmọ fi kú.

Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pè mí padà sí abúlé náà, mo ti mọ ohun tí mo ṣe kí n tó débẹ̀. Ìgò náà wà lójú fèrèsé ìyá ọmọ náà, èmi ni mò ń rẹ́rìn-ín lára rẹ̀. Mo jí i sápò agbádá mi. Mo ní kí wọ́n gba gbogbo ìgò tó kù lọ́wọ́ àwọn ìyá, kí ọmọ mìíràn má baà mu ún, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo rẹ wọ́n sínú omi, mo fi èékánná ha ojú mi kúrò lára wọn. Ìgò tí lébẹ̀lì rẹ̀ hàn ketekete ni mo kó fún àwọn tó wá ṣèwádìí.

Nílé baálẹ̀, Sàlámọ̀tù ní ohun tí mo sọ fún òun lòun ṣe. Gbogbo ojú yí sí mi.

Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, onídèérí pupa ni mo ní ẹ mú fún ikọ́. Ẹ gbàgbé ni."

Mo rò pé yóò bá mi jiyàn, mo tilẹ̀ fẹ́ kó bá mi jiyàn. Ṣùgbọ́n èmi ni Dókítà. Mo rí i bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì nípa orí ara rẹ̀. Ó ní, "Ó lè jẹ́ pé mo gbàgbé lóòótọ́, sà."

Wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Èmi ni mo bẹ àwọn ọlọ́pàá pé kí wọ́n má tì í mọ́lé, ìlú sì ń yìn mí pé aláàánú ni mí. Mo wọlé ìbò náà. Mo tún wọlé lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mo gbádùn rẹ̀. Nígbà ìpolongo kejì, wọ́n lẹ ojú mi mọ́ gbogbo ògiri ní Ẹ̀pẹ́, èmi ń wolẹ̀ kọjá. Mo máa ń gbọ́ ikọ́ ọmọdé nínú ilé mi, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ mi ti dàgbà, wọ́n ti kúrò nílé. Ìyá ọmọ tó kú náà, mi ò tíì ní ẹnu tí màá fi bẹ̀ ẹ́.

Mo bá Sàlámọ̀tù wá iṣẹ́ ìgbálẹ̀ sí iléèwé kan ní Ìkòròdú. Kò sí Iléyá tí kì í gbé ẹran wá. Á kúnlẹ̀, á ní ọpẹ́lọpẹ́ mi, ẹ̀wọ̀n lòun ì bá wà. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé bí ara ọmọ òun ò bá yá, aládùúgbò lòun máa ń pè kó wá fún un lóògùn, torí òun ò gbẹ́kẹ̀ lé orí òun mọ́. Mo ní kó fara balẹ̀. Ohun tí mo rí sọ nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó pè mí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti wọ yunifásítì, iṣẹ́ apòògùn ló fẹ́ kọ́. Ó ń sunkún ayọ̀. Ó ní, "Ọ́nárébù, mò ń mú un bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú kí ẹ gbọ́wọ́ lé e lórí. Ẹ bá mi sọ fún un kó máa fetí sílẹ̀ dáadáa, kó má lọ gbàgbé ohun tí wọ́n bá sọ fún un bíi tèmi."

Mo ní àmín.

Bí mo bá sọ òótọ́, ipò mi lọ, ó sì lè jẹ́ ẹ̀wọ̀n. Bí mi ò bá sọ ọ́, obìnrin yìí yóò kú pẹ̀lú èrò pé òun ló pa ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí Àìkú tó dé. Ṣé kí n sọ ọ́ lójú ọmọ Sàlámọ̀tù, àbí kí n kọ́kọ́ pe ìyá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí n sọ fún un pé kò gbàgbé nǹkan kan?