Kọ́míìkì Tí Bọ́sẹ̀ Kò Yàn Mọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ má retí omijé lójú mi o, nítorí kò sí. Àbúrò ìyá mi wá láti Òdìgbò, ó jókòó tì mí títí, ó ní kí n sunkún kí ọkàn mi lè fúyẹ́. Mo ní ẹkún náà kò wá. Mò ń jí, mò ń wẹ̀, mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mò ń so wáyà ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, mò ń jẹun bí ebi bá pa mí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n sọ ohun tí mo jẹ lánàá, mi ò lè sọ ọ́. Ara mi ti kú. Ìyàwó mi, Bọ́sẹ̀, ti kó kúrò nílé mi. A ò jà. Mi ò nà án. Mi ò mú obìnrin mìíràn wọlé. Gbogbo ẹni tó bi mí pé kí ló dé, ohun kan náà ni mò ń sọ fún wọn, pé mi ò mọ̀. Tẹ́lẹ̀, òótọ́ ni. Àmọ́ láti ìjẹta ni mo ti mọ̀, ẹ̀yin sì ni mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ ọ́ fún, torí pé bí mo bá sọ ọ́ fún àwọn ará ilé mi, wọ́n á ní orí mi ti dàrú.

Ọ̀rọ̀ kọ́míìkì ni. Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín, àbí? Ẹ rín in dáadáa. Iṣẹ́ rẹ́wáyà ni mò ń ṣe, iná ọkọ̀ ni mò ń tún ṣe létí títì márosẹ̀ ní Ọ̀rẹ̀ níbí, irùngbọ̀n mi ti ń funfun, síbẹ̀ mò ń ka ìwé alálàwòrán, ti àwọn alágbára tí wọ́n ń fò lófuurufú tí iná ń yọ lójú wọn. Láti kékeré ni mo ti ń kà á. Àwọn awakọ̀ ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Ohun tó wù mí ni mò ń kà, mi ò kúkú jalè.

Kọ́míìkì yìí náà ló jẹ́ kí n rí Bọ́sẹ̀. Bọ́ọ̀sì tó gbé e láti Àkúrẹ́ ló kú sí Ọ̀rẹ̀, wáyà rẹ̀ jó, wọ́n tì í wá sọ́dọ̀ mi. Àwọn èrò ń pariwo, wọ́n ń bú awakọ̀, obìnrin kan ṣoṣo ló jókòó jẹ́ẹ́ sórí táyà nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ó mú ìwé tí mo ṣí sílẹ̀, ó ń kà á. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi epo pa ìwé mi o." Ó ní, "Epo wo? Ṣebí ẹ̀yin lẹ ti fi epo pa á láró. Apá tó tẹ̀ lé e dà? Àbí ẹ̀yin náà ò mọ ibi tó parí sí?" Háà! Obìnrin kankan ò bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Iṣẹ́ tí ǹ bá ṣe parí kíákíá, mo fà á gùn. Kí wọ́n tó gbéra, mo ti gba nọ́ńbà rẹ̀. Tíṣà ni, Aráròmí-Òbù ló ti ń kọ́ àwọn ọmọdé nígbà náà, àwọn òbí rẹ̀ sì ń dáko kòkó ní Àgọ́ Aláyè. Ọdún náà kò tíì yí po tí a fi ṣe ìgbéyàwó, ó sì gba iṣẹ́ sí iléèwé kan ní Ọ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń rà á, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ń tẹ àwọn ìwé náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní Èkó tó ń bá wa kó wọn wọlé, Ráṣíìdì lorúkọ rẹ̀. Bí oṣù bá ti ń parí lọ, Ráṣíìdì á fi àwòrán èèpo ìwé àwọn tó ń bọ̀ ránṣẹ́ sí wa lórí Wáàsáàpù, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ bíńtín nípa ohun tó wà nínú wọn. Ìwé tí kò tíì jáde ni o! Oṣù mẹ́ta ṣáájú ni a ti ń yàn án. Iye ẹni tó bá yàn án ni wọ́n máa ń wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Èyí tí àwọn tó ń yàn án kò bá pọ̀ mọ́, wọ́n á dá a dúró, ìtàn á sì já sí àárín ọ̀nà. Bí oṣù mẹ́ta náà bá pé, Ráṣíìdì á fi ẹrù wa lé awakọ̀ tó ń lọ sí Benin lọ́wọ́, ìyẹn á sì jù ú sílẹ̀ fún mi ní Ọ̀rẹ̀. Agbára wa kò ju ìwé mẹ́fà lọ lóṣù kan. Mẹ́ta tèmi, mẹ́ta tiẹ̀. Òun ló ṣe òfin náà, mo sì gbà.

Sátidé ìmọ́tótó tó wà níparí oṣù la máa ń yàn án. Wọn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ rìn nígboro láàárọ̀ ọjọ́ náà, mi ò sì ní oníbàárà. Bí a bá ti kó pàǹtírí inú gọ́tà tán, Bọ́sẹ̀ á tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á gbé ẹ̀wà àti búrẹ́dì sílẹ̀, a ó gbé fóònù sáàárín. Ẹ wá wo àríyànjiyàn! Ìwé kan wà tó fẹ́ràn ju gbogbo wọn lọ, ìtàn obìnrin afọṣọ kan tó máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ gba ìrora kúrò lára èèyàn, tí ìrora náà á sì di agbára fún un. Ìyá Afọṣọ la máa ń pè é. Kì í jà púpọ̀. Ó lè jókòó ti aláìsàn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé dé òpin rẹ̀. Èmi á ní, "Bọ́sẹ̀, alágbára wo rèé? Kò tíì ju ẹ̀ṣẹ́ kan láti oṣù tó kọjá!" Òun á ní, "Tiyín tó ń wó ilé onílé kiri ńkọ́, Bọ̀ọ̀dá mi? Ta ló máa bá wọn tún un kọ́?" A ó rẹ́rìn-ín títí aládùúgbò á fi yọjú. Mò ń sọ ọ́ fún yín bí ẹni ń ka ìròyìn, ṣùgbọ́n inú mi dùn nígbà yẹn. Inú mi dùn gan-an.

Ogun ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ogun inú ìwé ni mò ń wí. Àwọn tó ń ṣe kọ́míìkì wọ̀nyí gbọ́n bí nǹkan míì. Wọ́n á dá ìjà ńlá sílẹ̀ láàárín gbogbo àwọn alágbára wọn, wọ́n á wá fọ́n ìtàn ìjà náà sínú oríṣiríṣi ìwé. Bí ẹ bá ra ọ̀kan tí ẹ ò ra èkejì, ẹ ò ní mọ ẹni tó ń lu ẹnì kejì. Mo ní, "Bọ́sẹ̀, yá mi ní àyè kan nínú tìẹ, oṣù yìí nìkan." Ó ní kò burú. Oṣù kejì, ogun kò parí, mo gba méjì. Nígbà tó wá parí, òmíràn bẹ̀rẹ̀. Ó wá ku Ìyá Afọṣọ nìkan fún un, mo sì nawọ́ sí ìyẹn náà. Ọjọ́ yẹn ló bẹ̀ mí. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká fi èyí sílẹ̀. Ráṣíìdì ní àwọn tó ń yàn án ti dínkù, wọ́n lè dá a dúró." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìwọ nìkan ní Ọ̀rẹ̀ níbí lo máa wá gbà á sílẹ̀?" Ó ní, "Ó dáa." Wọ́n sì dá ìwé náà dúró lóòótọ́. Ó ń rẹ́ ẹ̀fọ́ nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ Ráṣíìdì sí i létí, kò gbé orí sókè.

Ẹ má rò pé lórí kọ́míìkì nìkan ni mo ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ lọ kàwé sí i ní Oǹdó, ní iléèwé àwọn olùkọ́. Mo ní ká kọ́kọ́ gba ṣọ́ọ̀bù tó tóbi, kó di ọdún tó ń bọ̀. Nígbà tí ọdún náà dé, mo tún ní kó di ọdún tó ń bọ̀. Mi ò kọ̀ fún un o! Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí, mi ò kọ̀ fún un rí láyé mi. Mo kàn ń ní kó ní sùúrù díẹ̀ ni. Ó dáa, ó dáa, ohun tó ń sọ náà nìyẹn, èmi sì ń yangàn pé mo fẹ́ obìnrin tó gbọ́ràn.

Ó wá di Sátidé kan, ogun inú ìwé ti parí, a ti jẹun tán, mo na fóònù sí i kó máa yan mẹ́ta tiẹ̀ padà. Ó ní, "Ẹ máa yan tiyín, Bọ̀ọ̀dá mi. Èmi ò rí nǹkan kan." Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà di tèmi! Ṣé kí n purọ́ fún yín? Inú mi dùn dé góńgó. Mo tiẹ̀ sọ fún ọ̀rẹ́ mi tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé ìyàwó mi ti dàgbà, ó ti fi eré sílẹ̀ fún mi. Nígbà tí oṣù kejì parí, ohun kan náà ló sọ. Ó tẹ́ ẹní, ó gbé oúnjẹ sílẹ̀, ó sì lọ ká aṣọ lórí okùn. Mi ò bi í pé kí ló dé. Kí ni mo fẹ́ bi í, nígbà tí mo ti rí ohun tí mo fẹ́?

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ló lọ. Ọ̀sán gangan ni. Mo wá jẹun nílé, mo bá báàgì rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo aṣọ mi, ó ti fọ̀ wọ́n, ó ti lọ̀ wọ́n. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, mò ń lọ sílé wa." Mo ní kó bá mi kí wọn. Mo rò pé á lo ọjọ́ méjì ni. Èmi ni mo bá a pe ọ̀kadà dé gáréèjì. Èmi fúnra mi ni mo bá ọlọ́kadà dúnàádúrà!

Nígbà tí a ò rí i kó padà, èmi àti àbúrò bàbá mi lọ sí Àgọ́ Aláyè. Bọ́sẹ̀ kúnlẹ̀ kí wa, ó gbé omi wá. Bàbá rẹ̀ bi í níṣojú wa pé, "Ṣé ó nà ọ́ ni?" Ó ní rárá. "Ṣé ebi ló pa ọ́?" Rárá. "Ṣé ó ń tẹ̀ lé obìnrin kiri?" Rárá, Bàbá. "Àbí torí ọmọ tí kò tíì dé?" Ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. "Kí ló wá ṣe ọ́?" Ó ní, "Ó kàn ti rẹ̀ mí ni, Bàbá." Bàbá rẹ̀ kọjú sí mi, ó ní, "Ọmọ mi, kí lo mọ̀ sí i?" Mo ní mi ò mọ nǹkan kan. Wọ́n ní ká jẹ́ kó sinmi ná. Nígbà tí à ń bọ̀, àbúrò bàbá mi ń sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ pé ó ní láti jẹ́ pé àwọn ayé ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Èmi kàn ń wo oko kòkó tó ń sá lọ lójú fèrèsé.

Ìjẹta ni Ráṣíìdì pè mí. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé Bọ́sẹ̀ ti lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì yan ti oṣù yìí o. Àǹtí ti yan tiwọn." Mo ní, "Àǹtí wo?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó yín mà ni! Mẹ́fà ni wọ́n mú. Wọ́n ní Oǹdó ni kí n máa fi tiwọn ránṣẹ́ sí, pé àwọn ti bẹ̀rẹ̀ iléèwé níbẹ̀. Mo ní kí n bi yín ni, bóyá kí n pa á pọ̀ mọ́ tiyín, kẹ́ ẹ bá wọn gbé e lọ." Mo jókòó sórí bátìrì ọkọ̀. Mẹ́fà! Obìnrin tó ní òun ò rí nǹkan kan!

Ìgbà náà ló yé mi. Ìwé tí à ń yàn, ó di oṣù mẹ́ta sí i ká tó rí i. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun á wà nílé lọ́jọ́ tí ẹrù náà bá dé, á yan ẹyọ kan, ó kéré tán. Bọ́sẹ̀ mọ̀ pé òun ò ní sí níbẹ̀. Kò sì fi pamọ́ fún mi. Ojú mi ló ń wò tó fi sọ ọ́, ó tún padà sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, èmi sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀! Ráṣíìdì ṣì wà lórí fóònù, ó ń pè mí, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Mo ní, "Mò ń gbọ́. Fi tiwọn ránṣẹ́ sí Oǹdó." Ohùn mi ò tiẹ̀ gbọ̀n.

Ẹ̀yin tí ẹ lẹ́nì kejì nílé, bó bá ń bá yín jà lórí ohun tó ń bọ̀ lọ́jọ́ iwájú, ẹ jẹ́ kó jà. Ọjọ́ tó bá dákẹ́, tó ní kẹ́ ẹ mú gbogbo rẹ̀, ẹ má mú un. Ẹ jókòó tì í, kẹ́ ẹ bi í léèrè títí á fi sọ̀rọ̀. Tèmi ti kọjá ibẹ̀. Àbúrò bàbá mi ti bá bàbá Bọ́sẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n ní lọ́jọ́ Sọ́ńdè yìí, gbogbo wa ni ká jọ lọ bá a ní Oǹdó, ká bẹ̀ ẹ́ kó padà sílé ọkọ rẹ̀. Mo mọ Bọ́sẹ̀. Bí àwọn àgbà bá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, kò ní lè kọ̀ fún wọn. Á kó ẹrù rẹ̀, á fi iléèwé náà sílẹ̀, á bá mi padà wá sí Ọ̀rẹ̀, kò sì ní ráhùn lọ́jọ́ kan. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Láti ọjọ́ tó ti lọ, nǹkan kan ṣoṣo tó tíì wọ̀ mí lára nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí Sọ́ńdè tó dé: ṣé kí n bá wọn lọ, àbí kí n sọ fún wọn pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀?