Àádùn Inú Ewé

Níbi tí a tò sí láti ra gáàsì ní Ìgàndò, obìnrin kan níwájú mi ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé:

"Ìyá ọkọ mi ṣe àádùn. Ewé ni wọ́n fi pọ́n ọn, wọ́n ní ọ̀rá ń ba ilẹ̀ jẹ́. Orin ni wọ́n ń kọ bí wọ́n ṣe ń gbé e bọ̀ níwájú àlejò wa. Mo ní, 'Ẹ gbé e padà jàre, bisikíìtì wà.'"

"Háà! Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní, 'Ìyàwó mi, má bínú. N ò mọ̀ pé ewé ń dójú tì yín.'"

Ó tún gbólóhùn yẹn sọ, ó wolẹ̀.

"Ṣó o ti bẹ̀ wọ́n?"

"Mo kúnlẹ̀. Wọ́n ní kò sí nǹkan. Àmọ́ báyìí, bí àlejò bá ti kanlẹ̀kùn, inú yàrá ni wọ́n ń sá lọ."