Ọkọ̀ Tí Alájì Fẹ́ Gbé Lọ Han Ìyá Rẹ̀

Bí mo bá jókòó ní àdúgbò Kossodo ní ìdálẹ̀ tí a wà yìí, mo máa ń gbọ́ tí èèrà bá húkọ́ ní Sankaryaré lódì kejì ìlú. Ṣé Alájì tó ń bá pẹ́ńtà ọkọ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni n kò ní í gbọ́?

“Bá mi kun ibi tó họ lára ọkọ̀ tó ní bẹ́ẹ̀dì nínú yìí. Òun ni mo máa gbé lọ bá ìyá mi ní Ẹjígbò. Ará ìdálẹ̀ kì í gbé ọkọ̀ tó họ wọ̀lú.”

“Ẹ wí bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, mo kùn ún. Ilé yín ní Cissin níbí lẹ gbé e padà sí, alùpùpù tún ha á lẹ́nu ọ̀nà yín.”

“Ìyá ò ríran mọ́. Tí wọ́n bá fọwọ́ pa ọkọ̀ náà lára, mi ò fẹ́ kí wọ́n kan ibi tó họ.”

“Alájì, orí yín ni wọ́n máa kọ́kọ́ fọwọ́ pa.”

Alájì gba kọ́kọ́rọ́, ó sì gba ọ̀nà ilé lọ lójú ẹsẹ̀.

Èmi ni mo fi lílọ yẹn kún ìtàn yìí. Ó jókòó ni, ó ń dúró kí ọ̀dà gbẹ.